A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ṣọ̀rẹ́: Àyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Wa Lórí Ìpínyà Tọkọtaya Lábẹ́ Òfin

Òwe kan wà tí ó máa ń yá àwa tí a ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya nínú ìjọ lẹ́nu: a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Bí arábìnrin kan bá dúró dè wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ó fi ìborùn bo apá tí ó wú, tí ó sì ní òun ń ronú àtilọ rí lọ́yà, òwe yìí ni a fi ń dá a lẹ́kun. A ó gbàdúrà fún un. A ó ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀, ọkọ yóò kúnlẹ̀, yóò sọkún, a ó sì da ọwọ́ wọn pọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọn yóò jókòó pọ̀ lórí ìjókòó kan, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilé kan kò tú.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tí a rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì wa ti sọ ọ̀nà méjì péré di gbogbo ọ̀nà tí ó wà: kí ènìyàn dúró sínú ilé, tàbí kí ó kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà. Pọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n, ìjọ àtijọ́ mọ̀ ọ́n, àṣà àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, òfin Nàìjíríà sì ní in nínú ìwé títí di òní. Òun ni ìpínyà lábẹ́ òfin, èyí tí ilé ẹjọ́ fi ń gba ọkọ àti aya láyè láti máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìtú ìgbéyàwó wọn ká. Àwa tí a ń wàásù jù pé Ọlọ́run kò fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà yìí. Ó ṣeni láàánú pé púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá

Ẹ wo Ṣógúnlé. Nínú àwọn ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, láti etí ọ̀nà Agége títí dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà reluwé, ògiri kan ṣoṣo ni ó pààlà láàárín ayálégbé méjì. Bí ọkọ bá na aya rẹ̀ ní agogo méjì òru, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò kí ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya ni. Ìjọ pọ̀ ládùúgbò bẹ́ẹ̀ ju àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó sì pọ̀ ju ọ́fíìsì lọ́yà lọ. Pásítọ̀ ni ẹjọ́ náà ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tí pásítọ̀ bá sì sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Ọlọ́run sọ.

Ní ọdún 2011, ní Ìsọlọ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Ṣógúnlé wà, ọ̀dọ́ ìyàwó kan tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì kú nípa ọ̀bẹ nínú ilé ọkọ rẹ̀. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà dá ọkọ náà lẹ́bi ìpànìyàn, ó sì dájọ́ ikú fún un. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2022, Osinachi Nwachukwu, akọrin ẹ̀mí tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ti kọ orin rẹ̀ lórí pẹpẹ, kú ní Abuja. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Abuja rí i pé ọkọ rẹ̀ ló jẹ̀bi ikú rẹ̀, ó sì dájọ́ ikú fún òun náà. Lẹ́yìn ikú arábìnrin yìí, ìbéèrè kan ń lọ kiri láàárín àwọn onígbàgbọ́: ta ni ó kọ́ wa pé kí a kú sínú ilé ọkọ sàn ju kí a jáde lọ? Òwe kóòtù tí a ń pa kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí a gbé lọ sí mọ́ṣúárì.

Ẹsẹ tí a ń kà dé àárín

Ẹsẹ tí a máa ń fi ti ìmọ̀ràn wa lẹ́yìn jùlọ ni Málákì 2:16, níbi tí a ti gbọ́ pé Ọlọ́run kórìíra ìkọ̀sílẹ̀. A gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ń dákẹ́ ní àárín ẹsẹ náà. Nínú ẹsẹ kan náà, wòlíì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fi ìwà ipá bo aṣọ ara rẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bí ó ṣe yẹ kí a túmọ̀ èdè Hébérù ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí a túmọ̀ rẹ̀, ọkọ tí ó da aya ìgbà èwe rẹ̀ ni wòlíì ń bá wí láti ẹsẹ 14. Ẹsẹ tí Ọlọ́run fi gbèjà aya ni àwa fi ń dá aya padà sábẹ́ ẹgba. Ìwàásù tí ó bá gé ẹsẹ yìí sí méjì kì í ṣe ìwàásù tí ó fi ara mọ́ Bíbélì, bí ó ti wù kí ohùn oníwàásù le tó.

Ibi tí ó yẹ kí a lọ ni 1 Kọ́ríńtì 7:10–11. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù pàṣẹ, ó sì sọ pé àṣẹ Olúwa ni, pé kí aya má ṣe kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Kò dúró síbẹ̀. Ó fi kún un pé bí ó bá kúrò, ohun méjì ni kí ó yàn nínú rẹ̀: kí ó wà láìfẹ́ ẹlòmíràn, tàbí kí ó bá ọkọ rẹ̀ làjà. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó wà níhìn-ín. Àpọ́sítélì kò sọ pé kí a yọ obìnrin náà kúrò nínú ìjọ. Kò sọ pé kí a gbé e padà sílé ní tipátipá. Ó mọ̀ pé àwọn kan yóò kúrò, ó sì fún wọn ní ìlànà tí wọn yóò fi máa gbé.

Ó yẹ kí a jẹ́ olóòótọ́ nípa ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó lò. Chōrizō, tí ó túmọ̀ sí láti ya ara ẹni sọ́tọ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ìgbà náà máa ń lò fún ìtúká ìgbéyàwó gan-an, nítorí lábẹ́ òfin wọn, ẹni tí ó bá ti kó jáde ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Nítorí náà, a kò lè sọ pé Pọ́ọ̀lù ní ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ ti òde òní lọ́kàn. Ẹni tí ó bá kọ́ni bẹ́ẹ̀ ń fi tiwa lé Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ohun tí a lè sọ ni pé ipò tí Pọ́ọ̀lù fi obìnrin náà sí, pé kò sí nílé ọkọ, kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn, ilẹ̀kùn ìlàjà sì ṣí sílẹ̀, bá ipò tí òfin ilẹ̀ wa ń pè ní ìpínyà mu ju bí ó ti bá ìkọ̀sílẹ̀ mu lọ.

Bí ìjọ ṣe bí i, tí ìjọba sì tọ́ ọ

Ìjọ àtijọ́ ní Yúróòpù ka ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù yìí, ó sì fi ṣe òfin. Àwọn ilé ẹjọ́ ìjọ máa ń pàṣẹ ohun tí wọ́n pè ní ìyàsọ́tọ̀ kúrò nídìí tábìlì àti lórí ibùsùn: ọkọ àti aya kò ní jẹun pọ̀ mọ́, wọn kò ní sùn pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìdè ìgbéyàwó wà síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ẹjọ́ ìgbéyàwó kúrò lọ́wọ́ ìjọ ní 1857, wọ́n gbé àṣẹ yìí wọ inú òfin ìjọba, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn amúnisìn dé ọ̀dọ̀ wa. Òfin tí a ń lò ní Nàìjíríà nísinsìnyí, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Matrimonial Causes Act, jáde ní 1970 lábẹ́ ìjọba ológun, àṣẹ ìpínyà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ìjọ bí ni ìjọba ń tọ́, tí ìjọ sì wá ń wò ó bí ọmọ àlè.

Àwọn baba wa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin tí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ bá sú lè padà sí ilé baba rẹ̀. Ọkọ tí ó bá fẹ́ ẹ padà yóò kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ bẹ àna rẹ̀, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè kí wọ́n tó fún un ní ọmọ wọn. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tí ì dá owó orí padà, ìyàwó rẹ̀ ṣì ni. Lóòótọ́, a ní orúkọ ẹ̀gàn fún obìnrin bẹ́ẹ̀: dálémosú. Ó dùn wá pé nínú nǹkan méjì yìí, orúkọ ẹ̀gàn ni ìjọ mú, tí ó sì ju ìgbèjà nù. A kì í béèrè lọ́wọ́ ọkọ ohun tí àwọn àgbà ìdílé yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí dálémosú kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ohun tí òfin sọ

Ó yẹ kí pásítọ̀ mọ ìwọ̀nba tí yóò lè fi tọ́ ènìyàn sọ́nà. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè pàṣẹ ìpínyà, fún àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba nìkan, yálà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ tàbí nínú ìjọ tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Àwọn ìdí tí a lè fi béèrè fún un jọ àwọn tí a fi ń béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀: panṣágà, ìwà tí kò ṣeé bá gbé, kí ẹnìkan pa ẹnìkejì tì fún ọdún kan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì fún onígbàgbọ́. Ẹni tí ó ń béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún adájọ́ pé ìgbéyàwó òun ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹni tí ó ń béèrè fún ìpínyà kò ní láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè ní ìrètí, kí ó sì ní ààbò.

Bí adájọ́ bá ti pàṣẹ, olùpẹ̀jọ́ kò jẹ ẹnìkejì ní gbèsè pé kí ó wá bá a gbé mọ́. Wọ́n ṣì jẹ́ ọkọ àti aya, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ owó ìtọ́jú, ó sì lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé, ire ọmọ ni yóò sì fi ṣáájú. Wọ́n lè pe ara wọn lẹ́jọ́ lórí àdéhùn tàbí ìpalára. Bí ọ̀kan bá kú láìṣe ìwé ìhágún, a ó pín ogún rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkejì ti kú ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì làjà tí wọ́n tún ń gbé pọ̀, wọ́n lè padà lọ bá ilé ẹjọ́ kí ó fagi lé àṣẹ náà.

Ẹ wò ó, kóòtù kan nìyí tí a lè ti ibẹ̀ bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òfin fúnra rẹ̀ ti pèsè ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀.

Àtakò méjì

Àwọn arákùnrin kan yóò sọ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ìkọ̀sílẹ̀ ni ìpínyà jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Òfin kan náà sọ pé bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3, ọ̀kan nínú wọn lè fi ìyẹn béèrè fún ìkọ̀sílẹ̀. Àṣẹ ìpínyà kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá yá. Ṣùgbọ́n ìpínyà tí kò ní ìwé, èyí tí àwa pásítọ̀ máa ń dá sílẹ̀ nígbà tí a bá ní kí arábìnrin lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná, lè já sí ibì kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí owó oúnjẹ ọmọ nínú tiwa, kò sí ẹni tí yóò dá ọkọ dúró bí ó bá lọ kó àwọn ọmọ ní ilé ìwé, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò jíhìn.

Àtakò kejì lágbára jù, àwọn tí ń sọ ọ́ kò sì pọ̀. Nínú orí kan náà, ní ẹsẹ 5, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé kí tọkọtaya má ṣe fi ara wọn du ara wọn pẹ́, kí Sátánì má baà dán wọn wò. Ìpínyà ń béèrè pé kí ènìyàn, ó lè jẹ́ ẹni ọdún 30, wà láìlọ́kọ tàbí láìláya nílé fún ọdún tí kò lóǹkà. Ẹrù wúwo ni. A kò ní ìdáhùn tí yóò mú un fúyẹ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìjọ tí ó bá pàṣẹ ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹni náà rù ú: kí a bẹ̀ ẹ́ wò, kí a bá a san owó ilé ìwé, kí ó ní ibi tí yóò jókòó sí ní ọjọ́ ọdún. Bí a kò bá ní ṣe èyí, kí a má fi ẹsẹ 11 di ẹrù lé e lórí.

Dáfídì àti ọ̀kọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ẹni tí ó sá fún ewu ti da májẹ̀mú, kí ó ka Sámúẹ́lì Kìíní. Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ sí Dáfídì. Dáfídì yẹra, ó tún padà wá ta háàpù. Nígbà tí ọ̀kọ̀ tún fò ní orí 19, Dáfídì sá, Míkálì sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Kò bú Sọ́ọ̀lù, kò gbé ọwọ́ sókè sí i, ó ṣì ń pè é ní ẹni àmì òróró Olúwa. Ṣùgbọ́n kò padà jókòó síwájú ọ̀kọ̀ mọ́.

Ibi tí ó yẹ kí gbogbo olùdámọ̀ràn fàlà sí wà ní orí 26. Sọ́ọ̀lù sọkún ní orí 24, ó tún jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní orí 26, ó sì bẹ Dáfídì pé kí ó padà, òun kò ní pa á lára mọ́. Kí ni Dáfídì ṣe? Ó dá ọ̀kọ̀ ọba padà, ó fi ọ̀rọ̀ náà lé Olúwa lọ́wọ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, nígbà tí Sọ́ọ̀lù padà sí ilé. Ìdáríjì wà níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbépọ̀ kò sí níbẹ̀, Ìwé Mímọ́ kò sì dá Dáfídì lẹ́bi nítorí rẹ̀. Omijé Sọ́ọ̀lù kì í ṣe irọ́ ní ọjọ́ tí ó sun ún, ṣùgbọ́n kò tíì so èso. A máa ń fi omijé ọkọ nínú ọ́fíìsì wa parí ẹjọ́. Jòhánù Onítẹ̀bọmi kò gba omijé. Èso ni ó béèrè.

Ohun tí a ń rọ̀ yín sí

Èkínní, ẹ béèrè irú ìgbéyàwó tí ẹni náà ṣe kí ẹ tó dámọ̀ràn. Ìdána pẹ̀lú àdúrà pásítọ̀ kò sọ ọ́ di ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú ìgbéyàwó tí a ṣe ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá gba ìwé kóòtù ìbílẹ̀ lórí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, tí ó sì lọ fẹ́ ẹlòmíràn, lè rí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Bí ìjọ tiyín bá ń so ọkọ àti aya pọ̀, ẹ wádìí bóyá ẹ ní ìwé àṣẹ.

Èkejì, níbi tí ìwà ipá bá wà, ààbò ni kí ó ṣáájú ìmọ̀ràn. Ẹ má ṣe pe àwọn méjèèjì sínú yàrá kan. Òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, gba ilé ẹjọ́ láyè láti pàṣẹ pé kí ẹni tí ń lu ènìyàn jìnnà sí i, irú ìgbéyàwó yòówù kí wọ́n ṣe. Àjọ ìjọba Èkó tí ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé, DSVA, wà fún èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́fíìsì tí ń pèsè lọ́yà fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin tí aya ń lù náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Kí ojú má tì í, kí àwa náà má fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ṣẹ̀ ni kí ìbáwí ìjọ kàn. Ìjọ tí ó gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ ẹni tí a lù, tí ó sì fi ẹni tí ó lù ú sílẹ̀ sí ipò díákónì, ti jẹ́rìí èké níwájú gbogbo ọmọ tí ó jókòó nínú ilé Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe dá ọjọ́ àbọ̀ fún ẹni tí ó sá. Ẹ dá iṣẹ́ fún ẹni tí ó lé e sá. Kí ó máa san owó oúnjẹ ọmọ, kí ó gba ìtọ́sọ́nà, kí ó jẹ́ kí àwọn alàgbà máa bi í léèrè, kí ọdún lè yí po lórí ìwà tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ó sá ni yóò sọ bóyá ọkàn òun ti balẹ̀.

A mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ń gba àkókò, pé ó ń náni lówó, pé àṣẹ ìpínyà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan. Àìpé òfin nìyẹn, ó sì yẹ kí àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n wà nílé aṣòfin gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àìpé tiwa ni ó kọ́kọ́ wà níwájú wa. Bí arábìnrin yẹn bá tún dúró dè wá ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a má fi òwe dá a padà. Kí a béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí a wá ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kí a sọ fún un pé Bíbélì kò pàṣẹ pé kí ó padà sídìí ọ̀kọ̀, pé òfin sì ní ọ̀nà tí ó lè gbà láìdá májẹ̀mú rẹ̀. Kí Olúwa tí kò jẹ́ kí ọ̀kọ̀ ba Dáfídì fún wa ní ọgbọ́n láti jẹ́ fèrèsé fún àwọn tí ń sá.